Ohùn Mọ́mì wálẹ̀

Ọjọ́rú, ìrọ̀lẹ́

Mọ́mì, ọmọ kúáyà ṣọ́ọ̀ṣì Onígbòǹgbò láti kékeré, ló ń kọ́ àwọn èèyàn lórin nílé wa. Òfin wọn ni pé kíì, ìyẹn ìwọ̀n gíga ohùn, tá a bá fi bẹ̀rẹ̀ orin la ó fi parí ẹ̀. Lónìí, ohùn tiwọn gan-an ló wálẹ̀ láàárín orin. Wọn ò mọ̀, torí Dádì rọra fi kíbọ́ọ̀dù bá wọn lọ sílẹ̀. Ní kílọ́ọ̀bù tí Dádì ti kọ́ṣẹ́ kíbọ́ọ̀dù ní Allen, olórin ni ẹni tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù máa ń tẹ̀ lé.

"Dádì, ṣé ó ti pẹ́ tẹ́ ẹ ti ń ṣe báyìí?"

Wọ́n wo ilẹ̀kùn. "Má jẹ́ kí màmá ẹ gbọ́."

Dádì ń lọ sí Ìjẹ̀bú lọ́la. Èmi ni mo máa tẹ kíbọ́ọ̀dù, èmi tí Mọ́mì kọ́, tí mi ò yí kíì láàárín orin rí.

Tí mi ò bá tètè bá ohùn wọn lọ sílẹ̀, Mọ́mì á gbọ́.