Báàgì Pupa Tó Wà Lẹ́yìn Ilẹ̀kùn

Ìbòkun,
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Keje, 2016.

Fúnlọ́lá, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Ẹ kú ewu iná o, ẹ kú orí ire. Ewu iná kì í pa àwòdì, kò ní pa yín láéláé. Láti ọjọ́ tí o ti pè pé iná ilé aládùúgbò yín ní Bertrams ràn mọ́ tiyín, tí ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jáde láàyè, ni mo ti ń jó káàkiri ilé, orúnkún tó ń dùn mí sì ti gbàgbé láti dùn. Ṣé ara Ẹ̀bùn ọmọ mi le? Ṣé ọwọ́ ọkọ rẹ ti ń jinná? Níbí, a wà. Òjò ń rọ̀, àgbàdo ti gbó, adìyẹ funfun tí o mọ̀ yẹn ti pa ọmọ mẹ́sàn-án, àṣá sì ti gbé méjì.

Mo ní ẹjọ́ kan láti rò. N kò lè rò ó lórí fóònù, torí Safurat aládùúgbò wa tó ni fóònù kì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, á sì máa dá sí ọ̀rọ̀ mi, mo sì mọ̀ pé ibi tí mo bá ti ń dẹ́bi fún ara mi gan-an ni nẹ́tíwọ̀kì máa já, o máa rò pé mo mọ̀ọ́mọ̀ pa á ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sínú lẹ́tà, tí mo sì fi rán Olúdáre ọmọ ìjọ wa, tó ń padà sí Johannesburg lọ́la. Jọ̀ọ́, jókòó kí o tó kà á.

Nígbà tí mo wá bá ọ wẹ Ẹ̀bùn lóṣù Kẹrin, mo rí báàgì pupa kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó kún dẹ́nu. Ọjọ́ kìn-ín-ní, mo ní kò kàn mí. Ọjọ́ kejì, mo fi ìgbálẹ̀ tì í, ó wúwo. Ọjọ́ kẹta, o gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́, ni mo bá ṣí i. Aṣọ rẹ, aṣọ ọmọ, omi, bisikíìtì, tọ́ọ̀ṣì, oògùn, àti gbogbo ìwé rẹ nínú ọ̀rá. Níbi tí wọ́n ti bí mi, obìnrin tó bá di ẹrù sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ilé ọkọ ló fẹ́ kọ̀. Mo rí ṣòkòtò Themba náà níbẹ̀, mo ní háà, ọmọ yìí fẹ́ jáde, ó tún fẹ́ kó ṣòkòtò ọkọ rẹ̀ lọ. Mo rí fèrè, mo ní èyí ni yóò fun kí takisí lè dúró. Ṣùgbọ́n ohun tó pa mí ni bébà tó wà lókè: àwòrán ilé yín, pálọ̀ rèé, yàrá rèé, ọfà pupa sì ń ti yàrá jáde lọ dé ìdí iná tó ń dá ọkọ̀ dúró níkòríta, èyí tí ẹ̀ ń pè ní róbọ́ọ̀tì. Ọfà kankan kò padà wọlé.

Themba ọmọlúwàbí! Ọmọ Súlù tó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá rẹ títí eruku fi kún irùngbọ̀n rẹ̀, tó gbé iṣu wá tí a ti jẹ ẹ́ tán, tó máa ń fọ abọ́ tí èmi jẹun! Ojú wo ni n ó fi wo àwọn ènìyàn rẹ̀? N kò bi ọ́ léèrè, kó má lọ yá ọ lára sí i. Mo dá ọgbọ́n tèmi. Mo dá aṣọ padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù, mo fi ìró mi méjì, gààrí àti Bíbélì kékeré sínú báàgì kó lè wúwo bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìwé ìgbéyàwó, ìwé ìbí Ẹ̀bùn, ìwé ẹ̀rí nọ́ọ̀sì rẹ, àti àwòrán ọlọ́fà yẹn, mo dì wọ́n mọ́ ìdí títí mo fi dé ilé. Ẹ̀rọ tí wọ́n ní kí n gbà kọjá ní pápákọ̀ òfuurufú tilẹ̀ ké, mo rò pé ó ti mọ̀, mo ti ń múra àtijẹ́wọ́, àṣé kọ́kọ́rọ́ àpótí mi ló rí.

Àfi lọ́jọ́ Jímọ̀ tí o pè. O ní ṣọ́ọ̀ṣì yín ló kọ́ ìdílé kọ̀ọ̀kan láti di ẹrù pàjáwìrì sílẹ̀, kí wọ́n sì ya ọ̀nà tí wọ́n máa gbà sá jáde, nítorí iná àti omíyalé. O ní ẹ gbé e sá jáde dé ìdí róbọ́ọ̀tì, ẹ ṣí i nínú òtútù, gààrí ló tú jáde. O ní Themba rò pé ìwé wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó sáré padà sínú èéfín, ọwọ́ rẹ̀ bó. O ní kọ́bọ́ọ̀dù ti jó, ilé ìwòsàn tuntun tó fẹ́ gbà ọ́ síṣẹ́ ní Roodepoort sì fẹ́ rí ìwé ẹ̀rí rẹ kí oṣù tó parí. O ń sunkún, èmi náà ń sunkún, o rò pé mo ń bá ọ sun ún ni. Ẹ̀rù ló bà mí.

Àbẹ̀kẹ́, ìwé kankan ò jó. Inú àpótí mi ni gbogbo rẹ̀ ti wà, mo fi kafúrà sí i kí kòkòrò má jẹ ẹ́, òun ló fi ń rùn bẹ́ẹ̀. Olúdáre ló kó o lọ́wọ́ yẹn. Safurat ní kí n sọ pé Ọlọ́run ló lò mí láti pa wọ́n mọ́. Irọ́ ni. Ká ní n kò fọwọ́ kàn án ni, inú báàgì ni ẹ ò bá ti bá wọn, ọwọ́ ọkọ rẹ ò sì ní bó. Bá mi sọ fún un pé mo kúnlẹ̀. Ìgò oyin tí mo fi rán Olúdáre pẹ̀lú ìwé, ti Themba ni. Bí o ṣe ní ìró mi lẹ fi bo Ẹ̀bùn, ìyẹn nìkan ló tù mí nínú díẹ̀.

Èmi náà ti di ẹrù pàjáwìrì tèmi sẹ́yìn ilẹ̀kùn: ẹ̀pà, tọ́ọ̀ṣì, okùn adìyẹ, àti ìwé báǹkì mi tí mo kọ orúkọ sí lójú ewé kọ̀ọ̀kan kí iná lè mọ ẹni tó ni ín. Bàbá rẹ rí i, láti ọjọ́ náà ló ti ń mú ẹran inú ọbẹ̀ rẹ̀ fún mi. N kò tíì ṣàlàyé fún un.

Bí Olúdáre bá ń bọ̀, fi owó díẹ̀ rán an sí mi kí n fi ra báàgì tó ní táyà, torí orúnkún yìí kò lè sáré pẹ̀lú ẹrù. Ṣùgbọ́n tọ́jú ilé rẹ ná.

Kí ẹnikẹ́ni má padà sínú iná nítorí ìwé mọ́. Ìwé ṣeé tún gbà, n kò lè tún ọ bí. Ọlọ́run á fi ìṣọ́ rẹ̀ ṣọ́ yín, ẹ ò ní rí àgbákò, ilé tuntun á tù yín lára. Mo dá àwòrán ilé yín náà padà. Má bínú, mo ti fi báírò kọ nǹkan sí i: mo fa ọfà kan láti ìdí róbọ́ọ̀tì padà wọlé.

Èmi ni ìyá rẹ tó jí ìwé,
Oyinkọ́lá.