Ẹnu Ìyá Rẹ Ló Wo Mọ́tò Sàn

Abúlé Ìdí-Àpá,
Ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́.

Motọ́lání ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara le? Ọ̀gá rẹ, Alájì Yẹ̀kínnì ńkọ́, àti gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń tú ẹ́ńjìnnì ní Sùúrùlérè, l'Ékòó? Ọlọ́run tó ń jẹ́ kí ọwọ́ rẹ wọ abẹ́ mọ́tò kó sì jáde pẹ̀lú ìka márààrún kò ní fi ọ́ sílẹ̀. Àwa náà wà, a dúpẹ́. Mo lè sọ ọ̀rọ̀ yìí lórí fóònù, ṣùgbọ́n apá kan wà nínú rẹ̀ tí ojú ń tì mí láti fi ẹnu sọ, ìdí nìyí tí mo fi mú bírò.

O mọ bí mọ́tò mi tó dàgbà jù ọ́ lọ yẹn ti ń ṣe láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Tí mo bá rọra tẹná, á kọsẹ̀, á fà sẹ́yìn, á fẹ́ kú. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á sáré lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan. Ó sì tan iná kékeré kan síwájú mi, ìyá rẹ wò ó, ó ní àwòrán ìkòkò ni. A gbà pé mọ́tò ń rán wa létí oúnjẹ ni, nítorí náà, gbogbo ìgbà tí iná yẹn bá ti tàn la máa ń dúró lẹ́bàá ọ̀nà tí a ó jẹ ẹ̀kọ. Mo ti sanra. Ìgbà tí o wá sọ pé ẹ́ńjìnnì ni wọ́n yà síbẹ̀, pé àìsàn ló ń wí, ojú tì wá, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ náà dùn.

Tìrìmísíyù, mẹkáníìkì wa níbí, ní ẹ́ńjìnnì ti parí, kí n tà á fún àwọn tó ń ra irin. Ó ní mọ́tò tí kò fẹ́ kí a rọra tẹ òun, báwo ló ṣe máa la súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ojú Ẹlẹ́gbà já? Inú mi bàjẹ́ gan-an, torí Sátidé tó ń bọ̀ ni fíríídọ̀mù rẹ, mo sì ti búra pé mọ́tò yẹn ni màá fi gbé ìyá rẹ wá síwájú ọ̀gá rẹ.

Nígbà tí o ní kí n gba ohùn ẹ́ńjìnnì sínú fóònù, mo wẹ̀, mo dé fìlà, torí mi ò mọ àwọn tó máa wà lọ́dọ̀ rẹ. Mo kí yín kú iṣẹ́, mo ní mọ́tò náà ń kí yín, kí n tó gbé fóònù sún mọ́ ọn. O ní o gbọ́ nǹkan tó ń ṣe fíìì, pé ọ̀kan nínú àwọn rọ́bà oníhò ara ẹ́ńjìnnì ti ya, afẹ́fẹ́ sì ń gba ibẹ̀ wọlé. Tí a bá rọra tẹná, afẹ́fẹ́ á borí epo, tí a bá tẹ̀ ẹ́ dáadáa, epo á borí afẹ́fẹ́. Ìyá rẹ ní kò yàtọ̀ sí inú tó kún.

O ní kí a máa fín omi díẹ̀díẹ̀ sí àwọn rọ́bà náà, ibi tí ohùn bá ti yí padà, ibẹ̀ ni. A ò ní ohun tí wọ́n fi ń fín omi. Ìyá rẹ bá bu omi sẹ́nu bí àwọn alágbàfọ̀ àtijọ́ ti ń ṣe sí aṣọ kí wọ́n tó lọ̀ ọ́. Ó fẹ́ ẹ sí ti àkọ́kọ́, kò sí nǹkan, ó fẹ́ ẹ sí ìkejì, kò sí nǹkan, ó fẹ́ ẹ sí ẹyọ kan tó fara pamọ́ lẹ́yìn, ohùn ẹ́ńjìnnì bá rọ̀ wọ̀ọ̀. Motọ́lání, mo pariwo! Rọ́bà náà ti ya nísàlẹ̀, níbi tí ojú ò tó. Mo gba òmíràn lọ́wọ́ Tìrìmísíyù, mo fi dípò rẹ̀, mo rọra tẹná, mọ́tò ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n àwọn ará abúlé ò gbọ́ ti rọ́bà, wọ́n ní ẹnu ìyá rẹ ni. Ẹnì kan ti gbé rédíò wá kó fẹ́ omi sí i. Ìyá rẹ náà ò ràn mí lọ́wọ́, ó ti ń fọ ẹnu lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́.

Ọ̀rọ̀ tí ojú ń tì mí láti sọ nìyí. Láti ọdún mẹ́rin tí o ti ń kọ́ṣẹ́, mo ń sọ fún wọn níbí pé aṣọ rírán lò ń kọ́. Ojú ń tì mí pé ọmọ mi obìnrin ń wọ abẹ́ mọ́tò. Bàṣírátù aránṣọ tiẹ̀ ti fi àga kan sílẹ̀ dè ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Lánàá, Tìrìmísíyù béèrè níwájú gbogbo wọn pé mẹkáníìkì wo ló jókòó sí Èkó tó gbọ́ àrùn tí òun fojú wò tí òun ò rí. Mo dìde, mo ní Motọ́lání ọmọ mi ni. Mo ní kí Bàṣírátù fi ẹlòmíràn sórí àga rẹ̀. Jọ̀ọ́ ọmọ mi, dárí jì mí.

Fi owó epo díẹ̀ ránṣẹ́ sí wa, kó sì ku tí a ó fi ra ẹ̀kọ, torí iná ìkòkò yẹn ti kú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ebi ò tíì kú. Iṣẹ́ tí o kọ́ á gbè ọ́. Ibi tí etí ẹlòmíràn ò dé, Ọlọ́run á jẹ́ kí tìrẹ máa débẹ̀.

Ní Sátidé, má wulẹ̀ máa yọjú wo ọ̀nà. Fetí sílẹ̀. Tí o bá gbọ́ mọ́tò àgbàlagbà kan tó ń rọra bọ̀ láti Ojú Ẹlẹ́gbà, tí kò kọsẹ̀, bàbá rẹ ló ń bọ̀ yẹn.

Èmi ni,
Àkàngbé, bàbá mẹkáníìkì.