Ìnagijẹ Tí Mo Jẹ́ Kí Wọ́n Sọ Ìyàwó Ọmọ Mi

Olóòtú ètò wa ọ̀wọ́n, mo kí yín, mo sì kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ gbé rédíò sétí.

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, ní Agége. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí SAP, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba, sọ ṣúgà di ọ̀wọ́n, ṣúgà ilé wa ń dín lójoojúmọ́. Ìyàwó mi di ẹ̀bi ru ìyàwó ọmọ wa, tí mo pè ní Sùlíyá níbí. Ó kúnlẹ̀ níwájú mi, ó ní, "Bàbá, mi ò fọwọ́ kàn án." Mo ní, "Ọlọ́run á fi ẹni náà hàn." Èmi yìí kan náà ni mo ń yọ́ bù ú sínú búrẹ́dì jẹ.

Kò pẹ́ tí èèrà fi bo ibi tí mo tọ̀ sí lẹ́yìnkùlé. Dókítà ní ìtọ̀ ṣúgà ni, kí n fi ṣúgà àti búrẹ́dì sílẹ̀.

Sùlíyá ló ń se ẹ̀wà fún mi láràárọ̀, kí òórùn búrẹ́dì gbígbóná tó gba àdúgbò. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo ń kanra mọ́ ọn. Á ní, "Ẹ ní sùúrù, Bàbá, ẹnu yín á gbàgbé." Oṣù keje rèé, ẹ̀kọ mímu tí kò ní ṣúgà ti ń dùn mọ́ mi lẹ́nu.

Àmọ́ ìyàwó mi kò gbàgbé ọ̀rọ̀ ṣúgà. Ìnagijẹ ló fi ń pe Sùlíyá títí di òní: "Ìyá Oníṣúgà, ẹ̀wà nìkan ló kù tí o ò tíì jí!"

Gbogbo wa nílé la jọ ń gbọ́ ètò yín. Mo fi orúkọ ọmọ náà pamọ́, ṣùgbọ́n mi ò fi ìnagijẹ yẹn pamọ́. Wọ́n á ti yíjú sí mi báyìí. Ẹ̀yin olùgbọ́, kí ni kí n kọ́kọ́ sọ fún Sùlíyá?