Aṣọ Tí Màmá Mi Rán fún Ojú Kọ̀ǹpútà

Bọ̀ọ̀dá Donatien, olóòtú wa, ẹ kú ètò orí rédíò o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Oko kajú, ìyẹn kaṣú, ni màmá mi máa ń wà lásìkò ètò yín, ìyẹn ló kì mí láyà láti kọ̀wé.

Tíṣà ni mí ní Lougba. Mo ra ojú kọ̀ǹpútà ní Savalou pẹ̀lú gàráǹtì ọdún kan. Nítorí eruku ọ̀nà wa, màmá mi rán aṣọ olódòdó tó bo iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ pátá. Bí mo bá ń ṣiṣẹ́, iwájú nìkan ni mo máa ń ká sókè. Kò pẹ́, ojú kọ̀ǹpútà náà ṣú, kò tàn mọ́.

Mo gbé e lórí ọ̀kadà zémì padà sí Savalou. Ọ̀gá tó tà á rí fọ́nrán òwú nínú ihò tí ooru ń gbà jáde.

Ó ní, "Tíṣà, ẹ̀yin lẹ daṣọ bò ó. Gàráǹtì ò bo ìyẹn."

Mo bẹ̀ ẹ́ títí, ó kọ̀. Ó dùn mí gan-an, ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ bínú sí?

Màmá rò pé wọ́n ń bá mi pààrọ̀ rẹ̀ ni. Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n sọ òótọ́ fún un? Ó ti rán òmíràn sílẹ̀ de tuntun tó ń bọ̀. Ó ní èyí nípọn ju ti àkọ́kọ́ lọ.