Kọ̀ǹpútà Ní Kí N Pe Orúkọ Yín

Bàbá mi àtàtà,

Mo rí yín lójú àlá. Ẹ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà yín nínú ṣọ́ọ̀bù wa ní Awoyaya, atẹ́gùn òkun ń fẹ́ kọ́tìnnì, ẹ ń fi etí agbádá nu ojú rẹ̀ bí ẹni ń nu ojú ọmọ. Ẹ ò wẹ̀yìn. Mo jí, mo tún di ojú, bóyá màá bá yín níbẹ̀.

Kọ̀ǹpútà náà ò kúrò níbi tí ẹ gbé e sí. Àmọ́ láti ìgbà tí àwọn tó ń bá wa tọ́jú ímeèlì ti gbé ímeèlì yín lọ sórí sáfà tuntun, ìyẹn ẹ̀rọ ńlá tí lẹ́tà ń gbà kọjá, lẹ́tà ò wọlé, lẹ́tà ò jáde. Ìyáàfin kan tó wà lókè òkun ń kọ́lé sí Lẹ́kkí Phase 1, ó fẹ́ ká wá lẹ táìlì ilé náà. Àdírẹ́sì yín nìkan ló mọ̀, ibẹ̀ ló máa fi pláànù ránṣẹ́ sí. Bí a ò bá tètè dá a lóhùn, ẹlòmíì ló máa gbé e fún. Àwọn ọmọ iṣẹ́ yín tó wá láti Ìwó ṣì ń sùn lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, wọn ò tíì ríṣẹ́ gidi ṣe láti ìgbà tí ẹ ti papò dà. Bí èyí bá bọ́, omi tán lẹ́yìn ẹja nìyẹn. Ojú wo ni mo fẹ́ fi wò wọ́n pé kí wọ́n máa lọ sílé?

Sáfà tó ń gba lẹ́tà, mo tún orúkọ rẹ̀ kọ. Èyí tó ń fi ránṣẹ́, mo tún un kọ, mo pa nọ́ńbà rẹ̀ dà. Páswọ́ọ̀dù yín, èmi ni mo bá yín yàn án. Síbẹ̀, kọ̀ǹpútà ń bi mí ṣáá pé ta ni mí. Mo wò ó títí, ojú rẹ̀ ń dán bí omi ọ̀sà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ẹni pé mò ń gbọ́ Bísímíláì yín, èyí tí ẹ máa ń ṣe kí ẹ tó fi ìka kan ṣoṣo tẹ lẹ́tà lọ.

Àǹtí tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Jakande ló bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Ó rí ibi tí mo kọ orúkọ yín sí, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Mo ti fi Àlàájì ṣáájú orúkọ yín! Gbogbo ìgbà tí mo ń tún un kọ, ọwọ́ mi ń fi Àlàájì kún un, mi ò fura. Ṣé sáfà mọ ẹni tó ti dé Mẹ́kà ni?

Bàbá, láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, mi ò pe orúkọ yín rí. Ẹ foríjì mí. Mo kúnlẹ̀, mo yọ Àlàájì kúrò, mo kọ orúkọ yín bẹ́ẹ̀ lásán. Ojú tì mí, bí ẹni pé ẹ dúró lẹ́yìn mi.

Ó gbà mí wọlé. Lẹ́tà ń rọ́ wọlé bí òjò, pláànù ìyáàfin náà wà nínú wọn.

Ó ku kí n mọ̀ bóyá èyí tí mo bá kọ á jáde, kí n tó dá ìyáàfin náà lóhùn. Lẹ́tà yìí ni mo fi ń dán an wò, láti àdírẹ́sì yín sí àdírẹ́sì yín. Ṣé ẹ rántí gbólóhùn tí ẹ ní kí n ṣètò kó máa jáde fúnra rẹ̀ nísàlẹ̀ gbogbo lẹ́tà yín? Ó ti wà nísàlẹ̀ èyí náà, ó ń dúró dè mí. Mi ò ní pa á rẹ́. Àárò yín ń sọ mí gan-an.

Èmi ọmọ yín obìnrin, tó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀.

Ẹ fọkàn balẹ̀. Iṣẹ́ á lọ dáadáa, in ṣáà Allah.