Abọ́ Tí Ìdí Rẹ̀ Kò Tíì Tán

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta

Káfíńtà Onírùngbọ̀n wá lónìí. Ó yí ẹ̀rọ tí ọkọ mi fi ń yí igi po lẹ́ẹ̀mẹta, ó tẹ bẹ́líìtì rẹ̀ wò, ó fọwọ́ gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tó fẹ́ ra ewúrẹ́. Òun àti ọkọ mi bọ ara wọn lọ́wọ́ — ọwọ́ ọ̀tún, èyí tó kù. Wọ́n ti fàdéhùn sí i. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún oṣù yìí, ló máa mú ọkọ̀ wá gbé e.

Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń pe ẹ̀rọ yẹn ní Orogún mi. Á máa yí igi bírí bírí, ọkọ mi á máa fi irin fá a títí tí á fi di abọ́. Òun ló ń jí i lójú oorun. Òun ló ni gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta rẹ̀. Òun ló ń da èérún igi sí mi lórí bẹ́ẹ̀dì. Àìmọye ìgbà ni mo ti ní kó kó ẹrù ẹ̀ kúrò nílé mi! Ó wá fẹ́ lọ báyìí, inú mi ò dùn rárá.

Mo bi Ọ̀gá Èérún (orúkọ tí mo fún ọkọ mi nìyẹn, ìwé yìí nìkan ló mọ̀ ọ́n) pé kí ló dé tó fi fẹ́ tà á. Ó wo ọwọ́ òsì rẹ̀ tó sùn sórí itan. “Igi ń fẹ́ ọwọ́ méjì.” Ọ̀rọ̀ tó gùn jù lẹ́nu rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá nìyẹn.

Láti oṣù Kejìlá tí rọpárọsẹ̀ ti kọlù ú, orí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló ń gbé. Kò tíì tẹsẹ̀ bọ yàrá iṣẹ́ láti ìgbà náà. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù rèé, mo kọ ọ́ síbí torí mi ò lè sọ ọ́ fún ọmọ: bí ẹ̀rọ yìí bá jáde, ọkọ mi ò ní dìde lórí àga yẹn mọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Mo lọ gbálẹ̀ yàrá iṣẹ́. Mo rí abọ́ náà lábẹ́ tábìlì, èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣubú. Inú rẹ̀ ti dán, ẹ̀yìn rẹ̀ ti dán. Ìdí nìkan ló kù: kùkùté igi funfun kan ṣì lẹ̀ mọ́ ọn, ibẹ̀ ni ẹnu onírin ti ẹ̀rọ ń gbá mú. Etí rẹ̀ sì ti sán. Ó là tààrà sísàlẹ̀, kò gùn ju oríkèé ìka kan lọ. Gbogbo wa la mọ̀ pé ìṣubú ọjọ́ yẹn ló là á.

Mo gbé e lọ bá a. Ó fi àtàǹpàkò ọ̀tún tọ etí rẹ̀ yípo, ó dá a padà fún mi. “Ìdí rẹ̀ ò tíì tán.” Ó tún kọjú sí fèrèsé.

Mo ti pinnu. Màá parí ìdí abọ́ yìí kí ọkọ̀ Onírùngbọ̀n tó dé. Kò gbọdọ̀ jẹ́ pé ìṣubú ni iṣẹ́ tí ọkọ mi ṣe kẹ́yìn.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Ẹnu dùn ún ròfọ́. Kí irin tó lè dé ìdí abọ́, àfi kí n da abọ́ dé, kí nǹkan sì dì í mú létí. Ẹnu onírin yẹn kò lè ya tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá Èérún kì í ra ohun tó ń lò fún irú èyí. Pákó àjẹkù ló fi ń ṣe é, ìdìmú ló ń pè é. Mẹ́rìnlá ló kọ́ sára ògiri. Mo gbé abọ́ wò lára gbogbo wọn. Èyí fẹ̀ jù, èyí fún jù. Mo rẹ́rìn-ín. Fìlà ọmọ ìkókó ni iṣẹ́ mi, fìlà àti ìbọ̀sẹ̀, mo sì mọ̀ pé ọmọ mẹ́rìnlá, orí mẹ́rìnlá ni. Ẹni tí kò bá rí fìlà tó bá orí ọmọ rẹ̀ mu, kó jókòó kó hun ún.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Mo tan Orogún mi!

Mo ti kọ́kọ́ rẹ́ pákó nínípọn kan rìbìtì, mo dè é mọ́ àwo irin ẹ̀rọ. Mo fi ìbojú ọkọ mi bojú. Mo fi bẹ́líìtì síbi tí ẹ̀rọ ti ń rọra yí jù. Kòtò kékeré ni mo fẹ́ gbẹ́ yípo lójú pákó náà, kí etí abọ́ lè wọ inú rẹ̀ pinpin. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi jókòó lẹ́nu ọ̀nà yẹn tí mò ń hun fìlà, tí mò ń wò ó. Ojú mi ti kọ́ṣẹ́ tipẹ́. Ọwọ́ mi ni kò tíì kọ́ ọ.

Mi ò tíì gbẹ́ ẹ débì kan tí mo fi gbọ́ ọ lára ògiri — kó, kó. Ọ̀pá tí ọkọ mi fi ń rìn ni. Mo pa ẹ̀rọ, mo sáré lọ bá a ní pálọ̀.

“Kí ló ṣe yín?”

“Irin yẹn ń sunkún,” ló wí. “Pọ́n ọn.”

Ó gbọ́ irin tó kú láti ẹ̀yìn ògiri! Èmi tí mò ń pè é jẹun lẹ́ẹ̀mẹrin kó tó gbọ́.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Mo sinmi. Bọ́ọ̀lù òwú mi tún yí wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì nígbà tí mò ń hunṣọ. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un, mo fà á jáde, mo bú u bó ṣe yẹ.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Kòtò náà fẹ̀ ju etí abọ́ lọ, bíńtín báyìí ni o. Mo ní kò le, mo fi àkísà há a. Mo tan ẹ̀rọ. Abọ́ fò! Ó gba ẹ̀gbẹ́ etí mi kọjá, ó kọ lu agolo ọ̀dà, ó sì yí lọ sẹ́nu ọ̀nà. Ọlọ́run ló yọ wá, kò fọ́. Mo dúró sójú kan, mò ń ka ìka ọwọ́ mi.

Mo ń retí ọ̀pá lára ògiri. Mi ò gbọ́ ọ. Ìgbà tí mo gbójú sókè, òun fúnra rẹ̀ ló wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ìṣísẹ̀ mọ́kànlá, láìsí ẹni tó dì í mú. Mo padà lọ kà á.

“Ṣé o fara pa?”

Mo ní rárá.

“Obìnrin alágídí,” ló wí.

Inú mi dùn débi pé mi ò lè jẹun alẹ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Àkọ́bí wa pè mí lórí fóònù. Ta ló sọ fún un? “Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ilé ìwòsàn lẹ fẹ́ kí ẹ̀yin méjèèjì jọ máa gbé ni? Ẹ jẹ́ kí káfíńtà yẹn wá gbé ẹ̀rọ náà lọ.” Mo ní mo gbọ́. Mo gbọ́ lóòótọ́. Mi ò sọ pé màá ṣe é.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Ọwọ́ mi ro mí, mi ò tan ẹ̀rọ. Iṣẹ́ tí mo mọ̀ ọ́n ṣe ni mo ṣe: mo dí ibi tó sán létí abọ́. Ihò lọ̀tá mi, ẹni tó ń hunṣọ ni mí, bí mo bá rí ojú kan tó já, mi ò ní sùn. Mo po ìyẹ̀fun igi náà gan-an mọ́ gọ́ọ̀mù, mo kì í bọ̀ ọ́, mo dúró kó gbẹ, mo fi sáńpépà ha á. Ó dán. Wá a wá a, o ò ní rí i.

Mo gbé e lọ fi han Ọ̀gá Èérún, mo ń yangàn. Ó wo ojú ibẹ̀ títí. Ló bá fi ọwọ́ ọ̀tún bojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. “O ṣeun,” ló wí lábẹ́ ọwọ́. Mo mọ̀ pé ọjọ́ tó ṣubú ló rántí. Mo rọra jáde kó lè sunkún rẹ̀ tán. Èmi náà sunkún díẹ̀ ní kíṣíìnì.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Ó ní kí n gbé àga òun lọ sẹ́nu ọ̀nà yàrá iṣẹ́. Ibi tí èmi ń jókòó sí tẹ́lẹ̀! Ó gba pẹ́ńsùlù, ó ya nǹkan sára páálí: òbíríkítí méjì, àmì mẹ́rin yí wọn ká, ihò ńlá láàrin ọ̀kan. Mo wò ó, mi ò mọ ohun tó jẹ́. Ó na ọwọ́ sí abọ́, ó tún na ọwọ́ sí àwòrán, ó ń bínú sí ahọ́n ara rẹ̀.

Ó yé mi nígbà tí mo ń fọ abọ́. Pákó méjì. Abọ́ á dojú dé pákó tẹ̀yìn. Pákó iwájú á bọ̀ ọ́ lọ́rùn bí fìlà tí wọ́n gé àtàrí rẹ̀, ìdí rẹ̀ á yọ síta láti inú ihò. Bóòtù mẹ́rin á so pákó méjèèjì pọ̀. Kò sí ibi tó fẹ́ fò lọ.

Mo sáré padà lọ sọ fún un, ọwọ́ mi kún fún ọṣẹ. Ó kàn mi orí, bíi tíṣà tí ọmọ kíláàsì rẹ̀ tó ya olódo jù ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ọ̀rọ̀ kan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún

Ìdìmú alápákó méjì ti délẹ̀. Ara bẹ́ẹ̀dì tí Àkọ́bí sùn nígbà ọmọdé ni mo ti tú bóòtù mẹ́rin. Òkè àjà ló wà, ó ti jẹrà, àmọ́ bóòtù rẹ̀ le bí ìgbà tí a rà á. Kí pákó má bàa dá ọgbẹ́ sára abọ́, mo hun ọ̀já òwú kékeré kan, mo fi tẹ́ etí ihò náà yípo. Ọ̀gá Èérún rí i, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti ń yí igi, òun ò rí ìdìmú tó wọ súwẹ́tà rí. Odindi gbólóhùn! Kò já lágbedeméjì!

Mo wá ń fi gbogbo agbára di bóòtù, àkọ́kọ́ ni mo fún pátápátá kí n tó kan èkejì. Pákó ké. Ọkọ mi gbé ọ̀pá sókè.

“Má fún un. Dì í mú ni mo wí.”

Ó ní kí n yí wọn díẹ̀ díẹ̀, èyí tó wà lókè, ká tó kan èyí tó dojú kọ ọ́ nísàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ yípo. Mo tú gbogbo rẹ̀, mo tún un ṣe. Mo fọwọ́ yí i wò. Kò mì.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

Ó tán! Ìdí abọ́ ti tán!

Òun lẹ́nu ọ̀nà, èmi nídìí ẹ̀rọ. Mo rọra ń fá kùkùté funfun yẹn, ó ń kéré sí i, ó ń kéré sí i. Bó bá gbé ọ̀pá sókè, mo dúró. Bó bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀, mo tẹ̀ síwájú. Nígbà tó yá, kò gbé ọ̀pá sókè mọ́. Mo tú bóòtù, mo gbé abọ́ lé e lórí itan. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ìdí rẹ̀, ó sì wò mí bó ṣe máa ń wò mí kí a tó fẹ́ra.

Ó wá bà mí nínú jẹ́. Ó gba pẹ́ńsùlù, ó fa ìlà sétí abọ́, gẹ́lẹ́ níbi tí mo ti dí. “Gé e.” Mo ní kí ni? “Gé e síbí.”

Ṣé orí rẹ̀ ti tún dàrú ni? Mo pe Àkọ́bí. Ó ní kí n mú un lọ rí nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ Ajé. Ọ̀tunla ni Onírùngbọ̀n ń bọ̀. Oorun kò wá bọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún

Orí rẹ̀ pé ju tèmi lọ.

Lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀ ló nawọ́ sí agbọ̀n òwú mi. Mo gbé e fún un. Ó mú bọ́ọ̀lù òwú aláwọ̀ búlúù, ó jù ú sínú abọ́, ó fa òwú náà gba etí abọ́ jáde, ó fi lé orí ìlà pẹ́ńsùlù, lórí ibi tí mo dí tí mo sì fi ń yangàn. Ó fà á. Bọ́ọ̀lù náà ń yí nínú abọ́, ó ń yí, kò lọ ibì kankan.

“Kò sán,” ló wí. “Ayùn ni.”

Mo jókòó. Ọ̀nà òwú ló ń là sí i lọ́wọ́ lọ́jọ́ tó ṣubú. Èmi ló ń ṣe abọ́ náà fún. Ó ní ó ti sú òun láti máa gbọ́ èébú tí mò ń bú abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ nígbà tí mo dí i?”

“O dí i dáadáa.”

“Ẹ̀yin tí ẹ sunkún!”

“Ẹ̀rín ni.” Èjìká rẹ̀ tún ti ń gbọ̀n. Mo ju ìbọ̀sẹ̀ ọmọ lù ú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún

Ojú ti mọ́ dáadáa ká tó bẹ̀rẹ̀. Wàhálà kan ló wà: abọ́ kò ní kùkùté mọ́, kò sí ohun tí a máa gbá mú nídìí rẹ̀. Ìdìmú alápákó méjì, etí gan-an ló ń bò mọ́lẹ̀. Mo wo gbogbo èyí tó wà lára ògiri. Kò sí èyí tó wúlò.

Ọ̀gá Èérún fọwọ́ lu àpótí ìjókòó. Mo jókòó. Mo fi aṣọ wé abọ́, mo há a sáàrin orúnkún méjèèjì, mo fi ọwọ́ mi méjì gbá a mọ́ra. Ó jókòó kọjú sí mi pẹ̀lú ayùn kékeré lọ́wọ́ ọ̀tún. Ayùn ń yọ̀ kúrò lójú ìlà. Ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì. Ó gbé ayùn sílẹ̀, ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbé ọwọ́ òsì bí ẹni gbé ẹrù, ó tẹ́ ẹ sétí abọ́, àtàǹpàkò rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà. Ọwọ́ yẹn ò ṣe nǹkan kan. Ó kàn wà níbẹ̀ ni. Ayùn fara tì í, kò sì yọ̀ mọ́.

A ti gé e dé ìdajì nígbà tí ọkọ̀ dúró níta. “Ẹ kú iṣẹ́ o! A ti dé o!” Mo wo ojú ọkọ mi. Kò gbórí sókè.

“Ọwọ́ wa dí!” Ohùn tí mi ò gbọ́ láti oṣù Kejìlá ni.

Onírùngbọ̀n wọlé títí dé ẹnu ọ̀nà. Ó wo ẹ̀rọ, ó wò wá, abọ́ láàrin orúnkún mi, ìyẹ̀fun igi lórí aṣọ mi. “Bàbá, ẹ̀yin lẹ sọ pé igi ń fẹ́ ọwọ́ méjì.”

Ọkọ mi fẹ́ ìyẹ̀fun kúrò lójú ìlà. “Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ má bínú. A ní mẹ́ta.”

Mo kà wọ́n létí abọ́. Mẹ́rin ni. Mi ò bá a jiyàn.