Wọ́n Ní Omi Kò Pa Ẹnì Kankan

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí. Ká ní ẹ wà níbí ni, ẹ ó ti ní kí n kọ́kọ́ jókòó, kí n mumi, kí n tó sọ̀rọ̀. Mo ti mumi. Inú ṣì ń bí mi.

A ò tíì sin yín pẹ́ tí mo fi gbọ́ ọ lórí rédíò pé ìjì jà lẹ́yìn Ìkòyí-Ilé, odò kún, àmọ́ kò sẹ́ni tó kú. Èmi tí mo fọ ẹrẹ̀ kúrò nínú irun yín. Mo pariwo mọ́ rédíò náà títí àwọn tí a jọ ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù fi wá dì mí mú.

Gbogbo abúlé wa ló mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, afẹ́fẹ́ ti ká páànù ilé lọ, omi ti ń wọ àdúgbò, ẹ̀yin àti àwọn yòókù sì ti sá gun òkè níbi ilé ìwé. Ẹ wá rántí pé Ìyá Sàláwù, aládùúgbò yín tí ẹsẹ̀ ń dùn, ṣì wà nínú ilé. Ẹ padà lọ, ẹ pọ̀n ọ́n dé ibi tí ilẹ̀ ti gbẹ. Kí ló dé tí ẹ tún padà lẹ́ẹ̀kan sí i? Ṣé ewúrẹ́ ni? Ṣé Bíbélì yín ni? Ògiri wó lù yín, omi gbé yín, ìsàlẹ̀ odò la ti rí yín.

Mo lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń forúkọ òkú sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ ò tiẹ̀ wojú mi.

“Abúlé yín ò sí lára àwọn abúlé tí ìjì bà jẹ́ tó wà nínú ìwé wa,” ó ní. “Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ pé àìsàn ni, kó lè yá.”

Àìsàn kẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kì í mu ju omi àdúrà lọ tí orí bá ń fọ́ yín. Nígbà ìbò, ṣebí wọ́n mọ ọ̀nà abúlé wa? Wọ́n gun ọ̀kadà wá, ẹ tẹ̀ka fún wọn.

Ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣe káfíńtà ní Ọ̀yọ́, nítòsí ọjà Akẹ̀sán, ló tún dá kún un. Ó pè mí lórí fóònù.

“Gba àìsàn yẹn, jọ̀ọ́,” ó ní. “Ìwé ò lè jí Màmá.”

Mo pa fóònù mọ́ ọn létí. Àkọ́bí yín ni. Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe kọ́ ọ?

Nígbà tí Ìyá Sàláwù gbọ́, ó ní kí n gbé òun lọ. Ó jókòó síwájú akọ̀wé náà, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ síta.

“Ẹsẹ̀ mi nìyí,” ó ní. “Kò lè sáré. Ìyá ọmọ yìí ló gbé mi kúrò nínú omi, omi sì gbé òun lọ. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.”

Akọ̀wé ní kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìyá Sàláwù ní òun ò lọ ibì kankan. Ibẹ̀ ló ti kírun ọ̀sán, ibẹ̀ ló ti kírun ìrọ̀lẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá wọlé, yóò ro ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí èrò pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀gá wọn jáde, ó gbọ́, ó sì ní kí wọ́n kọ ọ́: orúkọ yín, orúkọ abúlé, ìjì àti omi.

Ẹ̀gbọ́n mi wá láti Ọ̀yọ́, ó ń sunkún. Mi ò tíì dá a lóhùn. Gbogbo èèyàn ní kí n dúpẹ́. Kí ni kí n dúpẹ́ fún? Pé wọ́n gbà pé ẹ wà láyé rí? Afárá tí omi náà wó ṣì wà nínú odò, orí igi kan ṣoṣo làwọn ọmọ ilé ìwé ń gbà kọjá, òjò sì ti tún ń ṣú.

Mo ti mú Ìyá Sàláwù wá sí yàrá mi. Ó ń há àyè mọ́ mi, ó ní mi ò mọ ọbẹ̀ ẹ́ sè. Tó bá ń ṣàdúrà, orúkọ yín ló máa ń kọ́kọ́ pè kó tó kan àwọn ọmọ tirẹ̀. Tí mo bá ti gbọ́ ọ, inú mi a rọ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, màá tún bínú.

Ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí kò tíì ṣe tán láti dákẹ́.